Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́ Ni Mo Ní Kó Rà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá jókòó sídìí ògiri mi, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ títún alùpùpù ṣe dára fún èèyàn láti kọ́, ẹ fara balẹ̀. Mo mọ̀ pé iye tó ń wọlé lẹ fẹ́ gbọ́. Ó ń wọlé. Mo fi kọ́lé, mo fi rán ọmọ lọ síléèwé, mo fi fẹ́yàwó. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Ohun tí ẹ kò bi mí ni ohun tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Èmi Ráfíù, tí gbogbo Ìfọ̀nyìn ń pè ní Pàtírọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá, mo gba ọ̀rẹ́ mi nímọ̀ràn irú ẹ́ńjìnnì tí yóò rà, ìmọ̀ràn náà sì pa ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe.

Ọmọ Tchaada ni mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ọ̀pẹ ló ń gùn. Èmi ní tèmi, ẹ̀rù òkè máa ń bà mí. Bí mo bá ti gùn ún dé ìdajì, màá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó sú bàbá mi, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Dáníẹ́lì tó ní gáréèjì lẹ́bàá ọ̀nà Ìgòlò, ó gbé obì kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí ò lè gòkè. Ẹ bá mi kọ́ ọ ní iṣẹ́ ilẹ̀." Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì le. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín le, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Odindi ọdún kan ni mo fi ń fọ irin nínú ésáǹsì, epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, títí awọ ọwọ́ mi fi ń bó. Sípánà kò kàn mí. Ní ọdún kejì, ó ní kí n máa gbọ́. Ó á gbé ẹ́ńjìnnì kan sílẹ̀, á ti tú ìdè kan nínú rẹ̀ tàbí kó fi bujì tó ti kú, irin tó ń ṣáná sí epo, sí i, á fi aṣọ dì mí lójú. Màá gbé orí òòlù lé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, màá fi etí ti ìdí igi rẹ̀, kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Bí mo bá ṣì í, kò sí oúnjẹ ọ̀sán fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ebi máa ń la etí. Kí ọdún kẹta tó parí, mo ti lè dúró sínú ilé kí n mọ alùpùpù tí fáàfù rẹ̀ ti sán lójú títì.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ́ńjìnnì kan dán mi wò, mo gbọ́ ọ títí, n kò mọ̀ ọ́n. Mo bá ní, "Ọ̀gá, n kò mọ̀."

Ó ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n gbé táyà sókè. Ó jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Kí lo wí?"

"Mo ní n kò mọ̀, Ọ̀gá."

"Ta ló ń sanwó fún 'n kò mọ̀'? Oníbàárà tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló máa gbé alùpùpù rẹ̀ lọ lọ́la. Bọ́n, ó dáa. Tí o ò bá mọ̀, sọ ohun tó sún mọ́ ọn. Irin kì í ṣẹ̀. Ẹni tó gùn ún ló máa ń ṣẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, o ò ní ṣìnà."

Nígbà tó dá mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí wọ́n da pọ́dà sí mi lórí, tí ìyá mi ń jó, tí wọ́n fi dípílómù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà sétí gbogbo èèyàn: irin kì í ṣẹ̀, ẹni tó gùn ún ló ń ṣẹ̀. Mo wí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ wò ó, ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìmọ̀ tó ní ló fún mi, májèlé tó wà nínú rẹ̀ kò hàn sí i.

Mo ṣí gáréèjì tèmi ní Ìfọ̀nyìn. Àwọn zémì tó ń fi alùpùpù gbé èrò láàárín Ìfọ̀nyìn àti Lagbé, àwọn tó ń gbé ésáǹsì kpayó, epo fàyàwọ́, kọjá ẹnubodè nínú jálá, gbogbo wọn ló ń wá. Nígbà yẹn, páálí ìdí sìgá la fi ń wọn àlàfo bujì. Òòlù, sípánà mẹ́wàá àti etí mi, irinṣẹ́ mi nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni bá kú, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: "Ìgbà wo lo ṣe fídánjì kẹ́yìn?" Fídánjì ni kí a da òróró tó ti dúdú nù nínú ẹ́ńjìnnì, kí a da tuntun sí i. Kò sí ẹni tí kì í kálòlò bí a bá bi í. Èèyàn mélòó ló máa ń rántí? Bó bá ti ń kálòlò, ẹ̀bi ti dé ilé rẹ̀ nìyẹn, ó tán.

Músílíù ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Zémì lòun náà, ó mọ́ tónítóní, kì í sì í pariwo. Ìyàwó rẹ̀ ni Ràmọ́tà, tí à ń pè ní Ìyá Káfáyátù, ó ń fún epo pupa, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Wọ́n pinnu pé àwọn á fi iṣẹ́ inú ìlú sílẹ̀: Músílíù á máa gbé àwọn oníṣòwò àti ẹrù wọn lọ sí Pọ̀bẹ̀, Kétu, títí dé Ṣábẹ̀. Alùpùpù kékeré kò lè ṣe ìyẹn. Wọ́n ní oníṣòwò kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń kó alùpùpù arìnrìn-àjò wọlé láti ilẹ̀ Òyìnbó, gbọọrọ, tí ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ bí àga, tó ní àpótí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Músílíù ní òun kò lè rà á láìsí èmi. Àwa mẹ́ta la jọ lọ.

Méjì ló wà nílẹ̀. Àwọ̀ kan náà, ara kan náà, ẹ́ńjìnnì wọn ló yàtọ̀. Oníṣòwò náà ní, "Eléyìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kábúrétọ̀ ló ń pín ésáǹsì fún un. Wálà, ẹ wò ó, èkejì yìí ni tuntun: omi ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kọ̀ǹpútà ló ń pín ésáǹsì fún un. Wọ́n sì ti mú ọ̀nà tí òróró ń gbà lọ sókè fẹ̀ sí i."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Èmi náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́n án dànù.

Ìdí ni pé mo wo ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wáyà ló bò ó. Bí mo bá gbé òòlù mi lé e, kí ni yóò sọ fún mi? Ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé bí Músílíù bá ra eléyìí, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́, àwọn ará Ìfọ̀nyìn á rí i pé Pàtírọ́ọ̀nù kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kọ̀ǹpútà! Músílíù, bó bá dá ọ dúró sínú igbó Kétu, ṣé wàá tẹ Òyìnbó láago ni? Kpayó tí à ń rà nínú ìgò lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ìdọ̀tí inú rẹ̀, ṣé kọ̀ǹpútà máa mu ún?"

Ọ̀rọ̀ kpayó yẹn, òótọ́ ni. Irọ́ tó bá fi òótọ́ bora ló máa ń rìn jìnnà.

Músílíù ń fi ọwọ́ ra tuntun náà lára. Ràmọ́tà ló sọ̀rọ̀.

"Pàtírọ́ọ̀nù, mẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún ibì kan ṣe lára nǹkan, ṣé kì í ṣe pé ibẹ̀ ti ń dààmú wọn tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ìyá Káfáyátù, a ti fi ọ̀rọ̀ epo pupa sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi ti irin sílẹ̀ fún wa."

A jọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Músílíù ra àtijọ́.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé mo ti tú irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn rí, lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ kan láti Lagbé ló ni ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì náà dì lójijì nígbà tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, irin so mọ́ irin nínú rẹ̀ títí kò fi lè yí mọ́. Olùkọ́ náà búra pé òun ṣe fídánjì. Mo ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń búra." Ẹnì kejì náà búra. N kò bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí méjèèjì fi dì lójú ọ̀nà jíjìn, tí kò dì nínú ìlú. Irin kì í ṣẹ̀, àbí?

Ó tó ọdún méjì tí Músílíù fi gun alùpùpù náà, owó ń wọlé, gbogbo ìlú ń kí mi pé mo mọ nǹkan yàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti Ràmọ́tà ń lọ kí ẹbí wọn ní Kétu. Wọ́n ti kọjá Pọ̀bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà dì lójijì lórí ọ̀nà ọ̀dà, táyà ẹ̀yìn kọ̀, kò yí mọ́, alùpùpù sì gbé wọn ṣubú. Ẹsẹ̀ Músílíù ṣẹ́ níbi méjì. Ràmọ́tà kò dé ọsibítù.

Wọ́n gbé alùpùpù wá sí gáréèjì mi lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí pé àwọn ẹbí fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àbúrò Ràmọ́tà dúró síwájú ilé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé bàsíà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo tú ìdè ìsàlẹ̀. Òróró tó dà jáde mọ́ bí òróró ẹ̀pà. Ó sì pé. Kò dín ní ṣíbí kan. Mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì: òkè rẹ̀ gbẹ, irin ibẹ̀ ti jó di búlúù. Òróró wà nísàlẹ̀, kò lè gòkè. Ọ̀nà rẹ̀ ti kéré jù fún eré ọ̀nà jíjìn, ibi tí àwọn tó ṣe é ti tún ṣe nínú tuntun gan-an. Mo jókòó sílẹ̀. Ìbéèrè tí Ràmọ́tà bi mí ní Àjàṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn níwájú mi.

Mo lè jáde síta kí n sọ ọ́. N kò mọ iye ìgbà tí mo ti rò ó: ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láti ibi tí mo jókòó dé ẹnu ọ̀nà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé bàsíà náà, mo da òróró mímọ́ yẹn sínú àgbá tí mo ń da òróró dúdú sí. Ó rì, ó dúdú, n kò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ṣílẹ̀kùn.

"Kí lẹ rí, Pàtírọ́ọ̀nù?"

"Fídánjì ni. Kò ṣe é."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìkan nínú àwọn àbúrò Ràmọ́tà gbá orí mọ́ ògiri. Káfáyátù wà láàárín wọn, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó yíjú padà, ó ń lọ sílé bàbá rẹ̀, kò sunkún.

Mo lọ rí Músílíù lórí ẹní. Wọ́n ti sọ fún un kí n tó dé.

"Ráfíù, mo rò pé mo ṣe é o. Mo rò pé Àlàmísì ni, nínú àgbàlá níbí."

"O rò pé."

Ó ń wo òrùlé. "Bóyá ti oṣù tó kọjá ni mò ń rántí."

Mo ní, "Bóyá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù tí mo sọ láyé mi nìyẹn, gígùn rẹ̀ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà mọ ohun tó ṣe. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òróró, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ẹ́ńjìnnì, ó sì gbà mí gbọ́ ju ojú rẹ̀ lọ.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Káfáyátù kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n so yìgì rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ ló jókòó síbi tó yẹ kí bàbá jókòó sí. Ó kó lọ sí Pọ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Músílíù fi iṣu ránṣẹ́, iṣu padà. Ó bímọ, Músílíù gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, kò gun alùpùpù mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ibùdó àwọn zémì pẹ̀lú àrọ àti ike òróró, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ ti ṣe fídánjì? Ẹ dákun, ìgbà wo lẹ ṣe é?" Bí wọn kò bá tíì ṣe é, á kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dáa, á ṣe é fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ kékeré ń pè é ní Bàbá Fídánjì. Mo ń gba iwájú ibẹ̀ lọ mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó máa ń juwọ́ sí mi.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì oníwáyà gbòde. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ alùpùpù, fóònù wọn á sì sọ àrùn rẹ̀ fún wọn. Mo lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, èyí ò yé mi o, ẹ jẹ́ ká bèèrè," ó sì tẹ ẹnì kan láago níwájú oníbàárà. Oníbàárà náà kò bínú, ó jókòó, ó ń dúró. Ojú tì mí débi pé mo yára kúrò níbẹ̀. Mo ti gáréèjì mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ni.

Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi kò tó ogún. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fóònù mi dún lówùúrọ̀. Káfáyátù ni.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ráfíù. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi fẹ́ ra alùpùpù tí á máa gbé lọ sí Ṣábẹ̀. Irú èyí tí àwọn bàbá mi rà nígbà yẹn ni. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà, àtijọ́ àti tuntun. Àtijọ́ ò wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni kó mú?"

"Tuntun," ni mo wí, kó tó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣebí àtijọ́ lẹ yàn nígbà yẹn? Ẹ má mikàn o, ọkọ mi máa ń ṣe fídánjì tiẹ̀. Kò dà bí ẹnì kan tí a mọ̀."

Mo rí i bí ó ṣe máa rí: mo lè ní kó ṣáà ra tuntun, kí n wá irọ́ kékeré mìíràn fi bò ó. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí a mọ̀ yẹn wà ní ibùdó zémì lórí orúnkún kan. Mo ní, "Káfáyátù, màá pè ọ́ padà. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ sanwó kankan."

Mo bá Músílíù nílé, kò tíì jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, nítorí n kò lè jókòó sórí àga rẹ̀: bàsíà, òróró mímọ́, àgbá. N kò fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi bẹ̀bẹ̀. N kò fi kpayó bẹ̀bẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Mo rò pé yóò gbá mi.

Ó ní, "Mo ṣe é, nígbà náà."

"O ṣe é."

"Mo ní mo ṣe é. Mo sọ fún ọ. O ní mo rò pé." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un padà. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ràmọ́tà, Ráfíù. Nínú gbogbo ìrun. Mo máa ń sọ fún un pé mo gbàgbé." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, pẹ̀lú ariwo, àgbàlagbà tí n kò rí omi lójú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo kúnlẹ̀. Kò wò mí.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. "Pè é. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ."

Mo pe Káfáyátù. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ fún bàbá rẹ̀, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò dá mi dúró.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Bàbá Ráfíù?"

"Kí n tó ṣílẹ̀kùn fún yín lọ́jọ́ náà."

"Mo wà níbẹ̀."

"Mo rí ọ."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé fóònù fún bàbá mi."

Mo gbé e fún un, mo jáde síta, mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Mo ń gbọ́ ohùn Músílíù, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Oòrùn ti gòkè kí ó tó jáde. Ó gbé fóònù mi lé mi lọ́wọ́.

"Máa lọ sílé, Ráfíù. Má wá síbí mọ́ títí n ó fi ránṣẹ́ pè ọ́."

Káfáyátù ti wá lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà náà, wọ́n ní ó mú àwọn ọmọ dání, wọ́n sùn lọ́dọ̀ bàbá wọn àgbà. Tuntun ni ọkọ rẹ̀ rà. Àyè Músílíù ní ibùdó zémì ti ṣófo, kò lọ síbẹ̀ mọ́. Àlejò tó bá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, mo máa ń sáré dìde, n kò sì tíì rí ẹni tó wá láti ilé Músílíù.